Iye Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Àwòrán Kareem

Nígbà tí Glenn, ọ̀gá àgbà warehouse tí Kareem ti ń ṣiṣẹ́, pe orúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì, Kareem rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba báyẹn, wọn kì í sábà rí i mọ́ lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Glenn ń rín. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn máa pé ogún ọdún ní àdúgbò Foothills Industrial lọ́dún yìí, àwọn sì ti rí ayàwòrán kan tí yóò ya àwòrán ńlá sára ògiri ẹnu ọ̀nà, àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, kì í ṣe ti ọ̀gá kankan. Kareem ló máa wà láàárín, torí pé lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi díwọ̀n iṣẹ́ oníkálukú, ogóje páálí ló ń kó láàárín wákàtí kan. Nínú àwọn yòókù, ẹni tó ṣe dáadáa jù kò kọjá ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nasir, ọmọ Ìwó tí wọ́n jọ máa ń kírun ọ̀sán lẹ́yìn àwọn pallet tí wọ́n ń to páálí lé, ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Kareem. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní Technical Drawing ní Ìṣẹ́yìn kó tó wá sí Calgary. Òun àti Rafiat ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní daycare, pẹ̀lú Mutmainnah ọmọ wọn, ń gbé inú basement kan ní àdúgbò Cityscape. Work permit ló fi ń ṣiṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ló sì wà lára rẹ̀. Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ náà máa kọ fún un ni PR gbogbo wọn, ìwé àṣẹ láti máa gbé Canada títí lọ, rọ̀ mọ́.

Ohun kan sì wà tí Kareem mọ̀ nípa ogóje yẹn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń díwọ̀n, supervisor gbé e kúrò níbi tó ti máa ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ tábìlì onírin àti kọ́bọ́ọ̀dù pọ̀ sí, ó gbé e lọ sí ìlà tó sún mọ́ ẹnu géètì, níbi tí ìrọ̀rí àti aṣọ fèrèsé wà. Páálí ìrọ̀rí kan kò wúwo ju adìẹ lọ. Wọ́n tún fún un ní scanner tuntun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àmì ara páálí, èyí tí kì í dákú lójijì bíi ti àwọn yòókù. Kareem rí gbogbo rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ta ni yóò bá orí rẹ̀ jà pé ó ṣe òun lóore?

Ayàwòrán náà dé lọ́sẹ̀ kejì. Obìnrin arúgbó ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, Viorica lorúkọ rẹ̀. Train àti bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, ó ń fa báàgì onítáyà kan lórí snow, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán lójoojúmọ́, Kareem máa ń lọ dúró fún un ní yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì. Viorica ní kó gbé páálí kan lé èjìká, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tó rí ohun rere lókèèrè. Ohun tó wà ní ọ̀kánkán Kareem kò ju ìwé ìkìlọ̀ nípa iná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Kareem bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun wo ohun tó ti yà. Ojú olùkọ́ ló fi wò ó. Àyà ọkùnrin inú àwòrán náà fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, apá rẹ̀ dà bí apá alágbẹ̀dẹ. Bẹ́líìtì tí Kareem máa ń so mọ́ ìbàdí nítorí ẹ̀yìn ríro kò sí níbẹ̀. Òógùn kò sí, àárẹ̀ kò sí. Ìmọ́lẹ̀ kan tó pọ́n bíi wúrà ń tàn sí i lójú láti apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ warehouse náà kò ní fèrèsé kankan.

"Màmá," Kareem béèrè, "níbo ni ìmọ́lẹ̀ yìí ti ń bọ̀?"

"Láti ibi tí wọ́n bá ní kí n fi sí," ni arúgbó náà dáhùn, kò gbójú sókè.

Ó wá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Romania ni wọ́n ti bí i, nígbà tí àwọn Kọ́múnísìtì ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Nílé-ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ àwòrán, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ya òṣìṣẹ́: kó dúró ṣánṣán, kí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sí ọjọ́ iwájú. Ẹni tó bá ya òṣìṣẹ́ tó rẹ̀, wọ́n á bi í pé ta ló sọ fún un pé iṣẹ́ ń rẹ òṣìṣẹ́ lábẹ́ ìjọba tiwọn. Viorica ya awakọ̀ katakata, ó ya obìnrin ahunṣọ, ó ya àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwòrán irú èyí ló wà nínú fọ́tò tí Glenn rí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Òun ló jẹ́ kó wá a rí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó béèrè lọ́wọ́ Kareem pé iye wo ni wọ́n fẹ́ kọ sábẹ́ àwòrán náà. Kareem kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa kọ iye kankan. Ó ní bóyá ogóje ni.

Búrọ́ọ̀ṣì Viorica dúró. "Ṣé ìwọ nìkan lo ṣe é?"

Kareem fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ ohun tó ká a lọ́wọ́ kò. Ó sọ̀rọ̀ ìrọ̀rí fún un, ó sọ̀rọ̀ scanner. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àti Rafiat pàápàá.

Viorica gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, ó nu ọwọ́. Ó ní ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Anton, awakùsà. Wọ́n ní ó wa èédú ìlọ́po márùn-ún ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń fi igi gbé òrùlé kòtò ró, tí wọ́n ń kó èédú, wọ́n sì ka tiwọn mọ́ tirẹ̀. Viorica ló yà á, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ló wà nígbà náà. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sẹ́nu géètì kòtò èédú. Kò tó oṣù kan, iye Anton ti di òfin fún gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé búrẹ́dì rẹ̀ kù. Bó bá fi ẹnu sí i, wọ́n á pè é ní ọ̀tá ará ìlú. Àwọn tó ń bá Anton mu nínú ife kan náà kò kí i mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn gòkè wá láti inú kòtò, Anton kò bá wọn gòkè. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

"Wọ́n ránṣẹ́ pè mí," ni Viorica wí, "pé kí n wá fi ojú ẹlòmíràn sí ọrùn rẹ̀. Mo fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi parí ẹ̀."

Kareem gbé páálí èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ibí yàtọ̀ síbẹ̀, Màmá. Canada la wà."

"Ó yàtọ̀," ni arúgbó náà wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kí n yà kò yàtọ̀."

Nígbà tí Kareem sọ ìtàn Anton délé, Rafiat ní kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ arúgbó kó ìpayà bá a. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ní kí Kareem ronú lórí lẹ́tà PR. Ilé-iṣẹ́ tó ya èèyàn sára ògiri, ṣé wọ́n á tún kọ̀ láti kọ lẹ́tà fún un? Mutmainnah wo fọ́tò àwòrán náà nínú fóònù bàbá rẹ̀, ó ní, "Daddy, that's not really you," ó sì padà sídìí homework rẹ̀.

Oṣù kẹta ni wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán náà. Ó ga ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Kareem wà láàárín pẹ̀lú páálí léjìká, Nasir wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òsì, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́ta mìíràn sì wà tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nísàlẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: 140. Wọ́n gé kéèkì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọlé iṣẹ́ tí kò ní kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri break room, yàrá tí wọ́n ti ń sinmi. Láti ọjọ́ náà lọ, ogóje ni rate, iye tó pọn dandan láàárín wákàtí kan, fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Kareem wọ break room lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Tófúnmi, tí wọ́n ti jọ ń jókòó láti ọdún méjì, gbé oúnjẹ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ lọ fóònù ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan ti lẹ téèpù dúdú mọ́ ojú Kareem lára ògiri. Wọ́n ṣí i kúrò, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ bá Glenn pé rate yìí pọ̀ jù, kì í bínú. Á kàn nawọ́ sí ògiri.

Wọ́n sì ti dá Kareem padà sídìí ẹsẹ̀ tábìlì onírin. Ó sá, ó làágùn, àádọ́fà ló ń rí ṣe. Ó ń retí kí wọ́n pe òun. Wọn kò pè é. Nígbà tó lọ ṣàlàyé fúnra rẹ̀, Glenn gbá a léjìká, ó ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kò sí ẹni tó ń wo iye tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ já Kareem láyà ní tòótọ́. Ó wá rí i pé wọn kò nílò òun mọ́. Ti ara ògiri yẹn tó wọn.

Nasir nìkan ni kò yẹra fún un. Ṣùgbọ́n òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kì í jókòó jẹun mọ́, orí ìrìn ló ti ń jẹun, ó sì dáwọ́ àdúrà ọ̀sán tí wọ́n jọ ń ṣe dúró, ó ní òun á máa san án padà nílé. Ummulkhair ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, Nasir kò sì fẹ́ ohunkóhun tó máa mú iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kareem fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí fún un nígbà mélòó kan. Ó máa ń la ẹnu, á rántí lẹ́tà, á pa á dé.

Nínú oṣù kẹrin, Glenn pè é wọ ọ́fíìsì. Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ni lẹ́tà PR, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ku kí Glenn buwọ́ lù ú. Èkejì sọ pé Kareem jẹ́rìí sí i pé ibi iṣẹ́ òun ojoojúmọ́ lòun ti ṣe ogóje, láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan. Glenn ní àwọn kan ti ń kùn, òun kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Kò sọ pé ọ̀kan so mọ́ èkejì. Ó gbé kálámù lé àárín ìwé méjèèjì, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kareem buwọ́ lu ìwé kejì, Glenn sì buwọ́ lu lẹ́tà. Nígbà tó délé, ó gbé lẹ́tà náà fún Rafiat, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Nasir nílò páálí kan tó wà lókè pẹpẹ kejì. Òfin ni pé kó dúró de forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Forklift wà lódìkejì ilé, ó sì máa gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nasir gun pẹpẹ náà. Kareem, tó wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e, gbọ́ ìró irin, ó gbọ́ ìró mìíràn tí kì í ṣe ti irin. Nígbà tó débẹ̀, Nasir wà lórí símẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí, scanner ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ké. Ó wo ojú Kareem, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni mo ti ṣe?"

Ìbàdí rẹ̀ ló fọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kareem lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kẹta, Ummulkhair jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Ó dáhùn sáláàmù rẹ̀, ó ní Nasir ń sùn. Kareem ń gbọ́ ohùn Nasir nínú yàrá, ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó fi èso tó gbé wá sílẹ̀ lórí àga, ó padà.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ni Viorica pè é. Ó ní kó wá. Downtown, láàárín ìlú, ló ń gbé, ní ilé gíga kan tí gbọ̀ngàn rẹ̀ ń rùn bí ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ó fi ìwé tí Glenn fi ránṣẹ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà han Kareem. Wọ́n fẹ́ kó wá pa Nasir rẹ́ kúrò lára ògiri, kó fi páálí dípò rẹ̀. Wọ́n ní kò dáa kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rí i láràárọ̀, ó lè kó ìbànújẹ́ bá wọn.

"Kí lẹ sọ fún wọn?" Kareem béèrè.

"Mo ní ọwọ́ ti ń gbọ̀n mí. Irọ́ ni." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sójú Kareem, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ọwọ́ ọ̀dọ́. "Wọ́n á rí ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Kì í wọ́n. Èmi kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ìwọ ńkọ́?"

Kareem dìde, ó dágbére fún un. Gbogbo ọ̀nà ilé, nínú train, ó ń ronú ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún Rafiat. Nígbà tó sì sọ ọ́ tán, ti ìrọ̀rí, ti scanner, ti ìwé tó buwọ́ lù, Rafiat bi í léèrè bóyá Nasir á tún lè rìn. Kareem ní àwọn dókítà ò tíì lè sọ. Rafiat ní, "Lọ sọ ọ́. A ò lè gba PR yẹn ká sì rí oorun sùn."

Ìjọba ti rán ọkùnrin kan wá láti wádìí bí Nasir ṣe ṣubú. Kareem lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ pẹ̀lú pé irọ́ lòun buwọ́ lù. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí ìwé ìwádìí jáde, ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá lórí àkàbà àti forklift. Ilé-iṣẹ́ náà ra àkàbà mẹ́fà. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà rate kúrò lára ìwé inú break room, wọ́n kọ goal, àfojúsùn, síbẹ̀. Iye rẹ̀ kò yí padà.

Ní ìparí oṣù kẹfà, wọ́n ní àwọn kò nílò ẹnikẹ́ni ní àyè Kareem mọ́, wọ́n fún un ní ìwé, kó máa lọ. Wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tó ń rí sí PR pé àwọn gba lẹ́tà àwọn padà, wọ́n sì fi ìwé tí Kareem buwọ́ lù ránṣẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìjọba kọ̀wé sí Kareem: ọ̀rọ̀ tó buwọ́ lù nínú oṣù kẹrin àti èyí tó sọ nínú oṣù karùn-ún kò bára mu, kó ṣàlàyé èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó ṣàlàyé. Èsì kò tíì dé. Oṣù kọkànlá ni work permit rẹ̀ máa parí.

Ó lọ bá Nasir nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún òun náà. Ọ̀pá ni Nasir fi ń rìn nígbà náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ ti mọ̀ láti oṣù kejì." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Kareem bá pè é, á gbé fóònù, á dáhùn sáláàmù, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ohun tí Kareem ń retí ni pé wọ́n á pa ojú òun rẹ́ lára ògiri, bí wọ́n ṣe pa ti Nasir rẹ́. Tófúnmi ló pè é sọ fún un pé rárá, ó wà níbẹ̀ digbí. Kareem kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n yọ òun kúrò. Wọ́n fèsì pé ohun-ìní ilé-iṣẹ́ ni, wọ́n sì dúpẹ́ fún ọdún tó fi bá àwọn ṣiṣẹ́. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Viorica, arúgbó náà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò rí irú èyí rí. Ní Romania, bí wọ́n bá ti parí pẹ̀lú èèyàn, wọ́n á pa ojú rẹ̀ rẹ́. Àwọn ará ibí fi í sílẹ̀ kó máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú Kareem, ó ń wò ó lójú bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní Sofiullahi lorúkọ òun, Abẹ́òkúta lòun ti wá, kò tíì pé oṣù méjì.

"Ẹ má bínú sà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni One-Forty?"

Kareem fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí bàtà pọ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti pe orúkọ òun. Sofiullahi tẹ́tí, ó ń mi orí, ó ń sọ pé "yes sir, yes sir." Ọ̀rọ̀ kò tíì dé ìdajì tó fi wo aago. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n dákun dárí ji òun, shift òun ní warehouse náà máa bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló sì ń lọ sí Foothills ní wákàtí yẹn. Ó wọ bàtà rẹ̀ láìdè é, ó sáré jáde.